Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: sìgá, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ọkàn bọ̀ọ̀dá mi

Àbúrò Bọ̀ọ̀dá (Tanke):
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò mọ ẹni tí mo tún lè sọ ọ́ fún ni mo ṣe gbé e wá síbí. Bọ̀ọ̀dá mi tí mo tẹ̀lé, ọmọ ọdún 54 ni wọ́n, mẹkáníìkì ni wọ́n ní Àjàṣẹ́-Ìpò. Ọdún méjì rèé tí ìyàwó wọn ti kú, láti ìgbà náà ni mi ò ti dá wọn mọ̀ mọ́. Èèyàn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń tú ẹ́ńjìnì báyìí, orin ni, ẹ̀fẹ̀ ni, àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa rẹ́rìn-ín dé títì, wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Sìgá tí wọ́n ń mu ní mẹ́ta mẹ́rin lójúmọ́ tẹ́lẹ̀ ti di odindi páálí kan.

Lẹ́yìn Iléyá ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn, òógùn bò wọ́n, apá òsì ń ro wọ́n, a rò pé ọ́lísà ni, ìgbà tí a máa fi gbé wọn dé ọsibítù wọ́n ní hàátì àtáàkì ni. Ọlọ́run yọ wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n máa dá wa sílẹ̀, dókítà kàn ní "Bàbá, ẹ má mu sìgá mọ́ o", ó kọ oògùn, ó pe ẹlòmíràn wọlé. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé báwo ni inú yín ṣe rí.

Sunday tó kọjá mo lọ kí wọn, mo bá wọn lẹ́yìn táńkì omi, wọ́n jókòó sórí táyà, sìgá lọ́wọ́ kan, orógbó lọ́wọ́ kejì tí wọ́n fẹ́ fi bo òórùn ẹ̀. Mo wọ yàrá lọ, mo ka oògùn. Káàdì tó yẹ kó ti tán, 28 ló wà nínú ẹ̀, 23 ló ṣì kù. Mo bá wọn jà gan-an ni, mo pariwo. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní "Àbúrò mi, òun nìkan ló ń bá mi jí lóru." Mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ, mo sunkún délé.

Àwọn ará ilé ń sọ pé ìrònú ìyàwó ló fẹ́ pa wọ́n, pé sìgá ò ṣe wọ́n ní nǹkan. Àwọn kan ní sìgá ni. Èwo ni òótọ́, kí ni mo sì lè ṣe tí ò ní di ìjà láàrin èmi àti wọn? Ẹ jọ̀ọ́ o.

Baba Kòròpé:
Ẹ pẹ̀lẹ́ àǹtí mi. Páálí kan lójúmọ́ ni èmi náà ń mu fún ọdún 17. Mò ń gbé èrò lọ́wọ́, tí mo bá páàkì lálẹ́ mo máa wá sọ ti tèmi. Ẹ má bá wọn jà mọ́ ṣá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Adéwọlé):
Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ ọ́ jáde. Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí n tó fẹ̀yìntì. Àwọn tó ní ìrònú ni, wọn ò purọ́, àwọn tó ní sìgá ni, àwọn náà ò purọ́. Àwọn méjèèjì ló jọ dì wọ́n mú, ọ̀kan dì wọ́n lọ́rùn, ọ̀kan dì wọ́n lẹ́sẹ̀.

Mẹkáníìkì ni wọ́n, fi ọkọ̀ ṣàlàyé fún wọn. Èéfín tó ń jáde ní sàlẹ́ńsà, gáàsì kan wà nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ carbon monoxide, òun náà ló ń pa àwọn tó bá tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tí wọ́n sì sùn lọ. Gáàsì yẹn gan-an wà nínú èéfín sìgá. Tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, ibi tí ọ́síjìn ì bá jókòó sí ló máa lọ jókòó sí, ọkàn á wá máa ṣiṣẹ́ láìrí atẹ́gùn tó tó. Nikotíìnì, nǹkan inú tábà tó ń mú kí sìgá di bárakú, ní tiẹ̀ á mú ọkàn sáré, á ti bíípì (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) sókè, á mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún. Èéfín náà sì ń ha inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ibi tó bá ti ha ni ọ̀rá á ti máa lẹ̀ mọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ fúnra ẹ̀ á máa fẹ́ dì. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá wá dí ojú iṣan tó ń gbé oúnjẹ fún ọkàn, hàátì àtáàkì nìyẹn.

Ó wá ku ìrẹ̀wẹ̀sì. Ara ẹni tí ìbànújẹ́ ti bá gbé pẹ́, ńṣe ló dà bí ara ẹni tí wọ́n ń lé lọ, adrenaline àti cortisol, àwọn nǹkan tí ara máa ń tú jáde nígbà ìpayà, á máa tú sínú ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán tòru, bíípì ò ní fẹ́ wálẹ̀, oorun ò ní wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni oúnjẹ tí wọn ò ní jẹ dáadáa, ìrìn tí wọn ò ní rìn, oògùn tí wọn ò ní lò. Oògùn 23 tí o kà yẹn, mi ò ní bá ẹ pè é ní oríkunkun, àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nínú èèyàn 5 tó bá ní hàátì àtáàkì, bí ẹnì kan ni dìpúréṣọ̀n gidi, ìrẹ̀wẹ̀sì tó ti di àìsàn, máa ń bá fínra lẹ́yìn ẹ̀, àwọn tó bá ń bá fínra bẹ́ẹ̀ sì ni ikú tètè máa ń mú jù nínú wọn. Láti 2014 ni American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí àìsàn ọkàn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kà á mọ́ àwọn nǹkan tó ń mú kí ọ̀rọ̀ burú sí i fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Yorùbá kúkú gbọ́n, ọkàn kan náà la ń pe èyí tó ń lù nínú àyà àti èyí tó ń bàjẹ́ tí a bá ṣọ̀fọ̀.

Ìbéèrè méjì kan wà, lọ jókòó tì wọ́n kí o bi wọ́n jẹ́jẹ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ 2 sẹ́yìn, ṣé nǹkan tí ẹ máa ń fẹ́ràn láti ṣe ṣì ń wù yín ṣe? Ṣé inú yín máa ń bàjẹ́, tó ń ṣe yín bíi pé kò sí ìrètí? Tí wọ́n bá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀, wọ́n nílò dókítà ọpọlọ pẹ̀lú dókítà ọkàn, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. UITH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ń rí irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ náà wà ní Budo-Egba.

Ọmọ Márábà:
Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú sí mi o, bàbá bàbá mi fa tábà títí wọ́n fi lé ní 90, oko ni wọ́n ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kú. Èmi rò pé ìrònú yẹn ni kí a kọ́kọ́ gbé kúrò, sìgá á lọ fúnra ẹ̀. Ẹ̀ẹ́ kúkú lè gba nǹkan kan ṣoṣo tó ń tu èèyàn nínú lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà:
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì mọ̀ pé inú rere lẹ fi sọ ọ́. Ohun tí àwa náà sọ nípa bàbá mi nìyẹn. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n fẹ̀yìntì, owó ò jáde, wọ́n jókòó sílé, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì, sìgá wá di ọ̀rẹ́. Gbogbo wa ń sọ pé ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ṣebí nǹkan tó kù fún wọn nìyẹn. Aago 2 òru ọjọ́ kan ni wọ́n pe ìyá mi pé nǹkan jókòó lé àwọn láyà bí ọlọ. A fún wọn ní epo pupa mu, a fi róòbù pa àyà wọn, àǹtí mi kan ní ọfà ni wọ́n ta lù wọ́n, a ń wá ẹni tó máa wò ó. Aago 7 kọjá kí a tó rí mọ́tò. Ẹni ọdún 58.

Nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí, tí àyà bá ń fún èèyàn tó sì ń ràn lọ sí apá tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ẹ̀yìn, tí òógùn tútù ń bò ó, tí kò lè mí dáadáa, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, òru ni o ọ̀sán ni o, ẹ má fún un ní epo, ẹ má ní ká dúró ká wò ó ná.

Ní ti ẹni tó bá ń rò pé díẹ̀ lòun ń mu, dókítà kan ló fi ìwádìí kan hàn mí tó jáde nínú BMJ, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 2018, ẹni tó ń mu ẹyọ kan péré lójúmọ́, ewu ọkàn tó fi kún ti ara ẹ̀ tó bí ìdajì ewu ẹni tó ń mu 20. Ìdajì o. Mo rò pé ẹyọ kan á jẹ́ ìdá kan nínú ogún ni. Àwọn bíi bàbá bàbá yín wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí kò dàgbà débẹ̀ ò sí níbí láti wá sọ ti wọn fún wa.

Ọmọ Márábà:
Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo gbọ́, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Ọjà Ọba):
Èmi ta sìgá nínú ṣọ́ọ̀bù mi fún ọdún 11 kí n tó jáwọ́ ńbẹ̀, mo lè sọ fún yín pé ẹni tó ń tà á ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe oníbàárà òun. Bàbá kan máa ń wá ra ẹyọ kan lálẹ́, ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù wọn jóná lọjà tán wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá láàárọ̀ kí n tó gbá iwájú ilé, ẹyọ mẹ́ta, lọ́sàn-án mẹ́ta, wọn ò kí èèyàn mọ́. Mo rí i, mo sì ń gba owó. Ó dùn mí di òní. Òfin wà láti 2015 pé kí a má tà á ní ẹyọ ẹyọ, ta ló ń tẹ̀lé e, ẹyọ ẹyọ yẹn ló sì ń jẹ́ kó rọrùn láti pa dà síbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí owó ẹyọ kan nira fún.

Àǹtí Tanke, ẹ wá ẹni tó ń tà á fún bọ̀ọ̀dá yín ní Àjàṣẹ́ rí. Ẹ má lọ bú u. Ẹ sọ fún un pé ọkàn ọkùnrin yìí ti dákú lẹ́ẹ̀kan, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé tó bá wá kó ní kò sí. Obìnrin ẹgbẹ́ ẹ yín á gbọ́.

Alfa Pàkátà:
Salaamu alaekun. Mo rí i pé ẹnì kan fẹ́ẹ́ dárúkọ ọfà. Àdúrà dáa, èmi gan-an máa ń ṣe é fún aláìsàn, ṣùgbọ́n Ànábì wa ní kí a máa wá ìwòsàn, nítorí kò sí àìsàn tí Ọlọ́run sọ kalẹ̀ tí kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tí mo bá ṣàdúrà fún, mo máa ń bi í pé káàdì ọsibítù rẹ dà.

Ohun kan ń dùn mí nínú jamáà wa. Nínú ààwẹ̀, àwọn ọkùnrin wa ń lo bíi wákàtí 13 láìfọwọ́ kan sìgá, kò sẹ́ni tó kú, bí ladani bá ti pe ìrun Mọ̀ǹgàríbì tán, wọ́n á fi dàbínù kan ṣínu, wọ́n á bọ́ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí lọ ṣáná sí i. Ẹni tó lè ṣe wákàtí 13 lè ṣe 14. Kí bọ̀ọ̀dá yín kọ́kọ́ bi dókítà bóyá kí wọ́n gbààwẹ̀, Ọlọ́run ti yọ̀ǹda fún aláìsàn, ṣùgbọ́n ẹ rán wọn létí pé wọ́n ti ń jáwọ́ ńnú ẹ̀ lọ́dọọdún láìmọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Adéwọlé):
Alfa, ẹ ò mọ bí ohun tí ẹ sọ yẹn ti jinlẹ̀ tó. Ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn sìgá tí èèyàn mu kẹ́yìn, bíípì àti ìlù ọkàn ti ń wálẹ̀. Tó bá di wákàtí 12, gáàsì sàlẹ́ńsà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ti fọ̀ ọ́ dà nù tán. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé àsìkò tí wọ́n ń ṣínu, ẹ̀jẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, wọ́n wá tún dà á sí i! Tí èèyàn bá fara dà á di ọdún 1, ewu pé iṣan ọkàn máa dí á ti bọ́ sí bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún, tó bá fi máa di ọdún 15, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tí ò mu ún rí. Ẹni ọdún 54 ò tíì pẹ́ rárá.

Ní ti pé ó ń tu wọ́n nínú, ọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń tan gbogbo èèyàn. Bí wọ́n bá fa á, láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 nikotíìnì ti dé ọpọlọ, ara á tù wọ́n. Láàárín wákàtí kan méjì ó ti ń dínkù, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, inú á máa bí wọn, wọ́n á pè é ní ìrònú. Wọ́n á mu òmíràn, ara á tún tù wọ́n. Ìyà tí sìgá àná fi jẹ wọ́n ni ti òní ń gbà sílẹ̀ lára wọn. Ìwádìí kan tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ ní 2014 rí i pé àwọn tó jáwọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn wọn dínkù sí ti àwọn tó ń mu ún lọ, títí kan àwọn tó ti ní àìsàn ọpọlọ tẹ́lẹ̀.

Orógbó yẹn mi ò bá wọn jà sí i, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ obì ni wọ́n ń jẹ, kí wọ́n rọra, kafíìnì tó wà nínú ẹ̀ ń mú ọkàn sáré.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Odó:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí nínú lọ́hùn-ún nítorí ó ṣe mí ní 300 level. Kì í ṣe ẹkún. Bí ẹni tí wọ́n da omi sí lára ni, tí ò sì rí aṣọ pààrọ̀. Mo máa ń jí, mo máa ń wo bàtà mi nílẹ̀ fún wákàtí kan, mi ò lè wọ̀ ọ́. Ṣíṣà ni mo fi ń gbé e ní tèmi, mo rò pé omi inú ẹ̀ ń fọ èéfín mọ́, irọ́ ni, gáàsì yẹn wà níbẹ̀, ó pọ̀ gan-an. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé mo fẹ́ rí dókítà ọpọlọ wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní ṣé orí mi ti yí ni, ṣé Àrò ni mo fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n jókòó, wọ́n bi mí ní ìbéèrè, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fi oògùn kún un. Kò sẹ́ni tó de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀.

Àǹtí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe, ẹ bi bọ̀ọ̀dá lójúkojú bóyá ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn pé kí àwọn kú. Ẹ má bẹ̀rù, bíbi wọ́n ò ní gbìn ín sí wọn lọ́kàn, èmi ń dúró kí ẹnì kan bi mí ni. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan lọ́jọ́ náà, ẹ gbé wọn lọ.

Ẹlẹ́gbòogi Òyìnbó (Taiwo Road):
Fámásì ni iṣẹ́ mi, kúkúrú ni ti tèmi. Ẹ má lọ sí kẹ́míìsì lọ ra amitriptyline fún wọn pé ó ń múni sùn. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì àtijọ́ ni, ó lè da ìlù ọkàn rú, ẹni tí hàátì àtáàkì ti kọlù ò gbọ́dọ̀ fúnra ẹ̀ lò ó. Àwọn tó dáa jù fún irú wọn wà, bíi sertraline, dókítà ló máa kọ ọ́. Ṣíngọ́ọ̀mù nikotíìnì náà wà fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, ẹ bi dókítà ọkàn wọn kí ẹ tó rà á. Oògùn ọkàn tí wọ́n kọ fún wọn, kódà bí wọ́n bá mu sìgá lónìí, kí wọ́n lò ó lónìí. Ẹ bá wọn fi àsìkò ẹ̀ sínú fóònù.

Baba Kòròpé:
Mo ti páàkì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jáwọ́ kó tó dúró. Àkọ́kọ́, ìyàwó ló fi ipá mú mi, ọjọ́ 4. Ẹlẹ́ẹ̀kejì mo ṣe oṣù mẹ́ta, a lọ sin ọ̀rẹ́ mi kan ní Òmù-Àrán, ẹnì kan na ẹyọ kan sí mi níbẹ̀, mo ní ẹyọ kan kò lè pa mí, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì mo ti pa dà sí páálí kan. Ìbànújẹ́ ló máa ń fà wá pa dà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo mú ọjọ́ kan, Friday, mo sọ fún gbogbo wọn ní páàkì pé ẹni tó bá fún mi ní sìgá láti òní ò fẹ́ràn mi. Mo ra orín, ẹnu mi ò ṣófo láti Post Office dé Tanke, nítorí ọwọ́ àti ẹnu ló máa ń wá a jù. Mo fi ẹ̀pà sí àpò tí sìgá máa ń wà. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ mo bá èrò jà lórí ṣéńjì, orí ń fọ́ mi, mi ò sùn. Mo ní kí ìyàwó mi máa bá mi jí, a máa ń jókòó síta ni, a ò sọ nǹkan gidi kan. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin mo gbọ́ tí mò ń súfèé nínú mọ́tò. Mi ò súfèé láti bí ọdún mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ tí bọ̀ọ̀dá yín sọ, pé òun nìkan ló ń bá àwọn jí lóru, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá èèyàn tó máa bá wọn jí.

Àbúrò Bọ̀ọ̀dá (Tanke):
Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo pa dà sí Àjàṣẹ́, mi ò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Mo sọ ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà fún wọn bí ìyá wa Nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́, wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní "Gáàsì kan náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wo ẹ̀yìn Camry tó wà lórí jáàkì, wọn ò sọ nǹkan mìíràn. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè méjì yẹn àti ti akẹ́kọ̀ọ́ wa. Wọ́n ní ó ti wá sí wọn lọ́kàn rí, nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ lọ́sibítù, pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí àwọn tẹ̀lé ìyàwó àwọn lọ. Mi ò lọ lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ni mo sùn, a jọ wá sí Ìlọrin lọ́jọ́ kejì, dókítà ọpọlọ ti rí wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún rí wọn Thursday. Obìnrin tó ń ta sìgá fún wọn ló sunkún jù mí lọ.

Sìgá ò tíì kúrò o. Láti páálí kan ó ti di mẹ́rin lójúmọ́, dókítà ní kí a mú ọjọ́ kan tí wọ́n máa dá a dúró pátápátá, wọ́n sì ti mú un fúnra wọn. Oògùn wọn, aago 8 alẹ́ ni mo máa ń pè, mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ jáde nínú káàdì.

Àná, aago 2 òru kọjá díẹ̀, fóònù mi dún. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé àyà ti tún ń fún wọn. Wọ́n ní rárá, pé oorun ni ò wá, àwọn ò sì fẹ́ lọ sẹ́yìn táńkì. A sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó wọn, bó ṣe máa ń gbé wàrà dání tó bá ń bọ̀ láti Ìlọrin, bó ṣe máa ń pe gbogbo ọmọ iṣẹ́ ní ọkọ òun. A wà níbẹ̀ títí ladani fi pe ìrun Àsùbáà.